Agbè Fọ́, Omi Kò Dànù: Ìtàn Ẹ̀yìn Fóònù àti Àwọn Tí Ó Ń Tún Un Ṣe

Àwọn àgbà a máa sọ pé, "Omi ló dànù, agbè kò fọ́." Ọ̀rọ̀ ìtùnú ni. Bí omi bá dànù, tí agbè ṣì wà, a ó tún padà sí odò. Ṣùgbọ́n fóònù ìgbàlódé ti dorí òwe náà kodò. Bí èrò kan bá sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà ní Jọ́bẹ̀lẹ̀, tí fóònù rẹ̀ bọ́ lulẹ̀ sórí ọ̀dà títì, ó ṣeé ṣe kí ojú fóònù náà má fara pa rárá. Yóò máa dún, yóò máa gba àtẹ̀jíṣẹ́, yóò máa ya àwòrán. Ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni yóò fọ́ wẹ́wẹ́ bí èèpo ẹyin. Agbè fọ́, omi kò dànù. Ìbéèrè tí ó kù ni pé, ta ni yóò tún agbè náà ṣe, níbo ni wọn yóò ti rí onítọ̀hún, èló ni yóò sì gbà?

Lójú ẹni tí ó ń gbé nítòsí Ìkẹjà ní Èkó, ìbéèrè yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ eré. Kò rí bẹ́ẹ̀ ní Jọ́bẹ̀lẹ̀. Ìlú yìí ni ibùjókòó ìjọba ìbílẹ̀ Afijió ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ó wà lójú ọ̀nà àtijọ́ tí ó ti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́, láàárín Fìdítì tí àwọn arìnrìn-àjò mọ̀ mọ́ ọsàn àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó, àti Ìlọrà tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kan Ọ̀yọ́. Ní irú ìlú bẹ́ẹ̀, fóònù kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́. Òun ni báńkì àwọn oníṣòwò, òun ni ìwé ìròyìn, òun ni ọ̀nà tí ọmọ tí ó wà ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù tàbí Amẹ́ríkà ń gbà rí ojú ìyá rẹ̀. Ìtàn bí ẹ̀yìn fóònù ṣe kúrò ní ike tí èékánná lè ṣí, tí ó wá di dígí tí ẹ̀rọ lésà ń yọ, jẹ́ ìtàn bí agbára àtúnṣe ṣe kúrò lọ́wọ́ ẹni tí ó ni nǹkan, tí ó bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí ó ṣe é. Ó sì tún jẹ́ ìtàn bí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ṣe ń jà láti gba agbára náà padà.

Kí fóònù tó dé

Àtúnṣe kì í ṣe ohun àjèjì ní agbègbè yìí. Ọ̀yọ́ tí kò jìnnà sí Jọ́bẹ̀lẹ̀ ni ìlú àwọn tí ó ń fín igbá. Láyé àtijọ́, bí igbá bá sán, wọn kì í sáré gbé e lọ sí ààtàn. Wọn a dá ihò wẹ́wẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ibi tí ó ti sán, wọn a sì fi okùn tín-ín-rín rán an pọ̀ bí ẹni ń rán aṣọ. Igbá tí a rán kì í rẹwà tó èyí tí kò sán rí, ṣùgbọ́n ó ṣì ń gba ọkà, ó ṣì ń gba èlùbọ́. Ẹni tí ó ni ín kò gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹni tí ó fín in kí ó tó rán an.

Nígbà tí rédíò dé, tí àwọn ènìyàn sọ ọ́ ní asọ̀rọ̀mágbèsì, ọgbọ́n kan náà ni wọ́n lò fún un. Ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán WNTV sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n rédíò kékeré tí ó ń lo bátìrì ni ó wọ inú abúlé tí iná mànàmáná kò dé. Ẹ̀yìn irú rédíò bẹ́ẹ̀ kò ju ike tàbí páálí líle tí síkúrù mélòó kan dì mú lọ. Bí ìdè rẹ̀ bá ṣẹ́, rọ́bà ni olówó rẹ̀ yóò fi dè é, yóò sì máa gbọ́ ìròyìn lọ. Lọ́dọ̀ oníṣẹ́ rédíò àti lọ́dọ̀ àwọn tí ó ń tún aago ọwọ́ ṣe, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin kọ́ bí a ṣe ń di irin ajónilẹ́ran mú, bí a ṣe ń jó òjé, àti bí a ṣe ń to síkúrù kékeré sínú àwo kí wọ́n má baà sọnù. Àwọn ni bàbá iṣẹ́ fóònù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ kò fi bẹ́ẹ̀ rántí bàbá mọ́.

Ọdún 2001

Tẹlifóònù pẹ́ kí ó tó di ti gbogbo ènìyàn ní Nàìjíríà. Ọdún 1886 ni okùn abẹ́ òkun ti so Èkó mọ́ Lọ́ńdọ́ọ̀nù fún ìfiránṣẹ́. Síbẹ̀, lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún, ilé olówó àti ọ́fíìsì ìjọba ni tẹlifóònù ṣì ń gbé. Ilé-iṣẹ́ NITEL, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1985, kò lè kápá iṣẹ́ náà. Nígbà tí ìjọba Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ dé ní 1999, ìlà tẹlifóònù tí ó ń ṣiṣẹ́ kò pé 500,000 ní orílẹ̀-èdè tí iye ènìyàn inú rẹ̀ ju 100 mílíọ̀nù lọ.

Ní oṣù kìíní ọdún 2001, àjọ NCC, tí Ernest Ndukwe ń darí nígbà náà, ta ìwé àṣẹ GSM lójú agbo. 285 mílíọ̀nù dọ́là ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ó di oṣù kẹjọ ọdún náà, Econet àti MTN ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fún aráàlú. Ìpè ìṣẹ́jú kan jẹ́ 50 náírà, ìṣẹ́jú náà sì ni wọ́n ń kà, ì báà ṣe ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá péré ni ènìyàn fi sọ̀rọ̀. Nígbà tí Globacom wọlé ní oṣù kẹjọ ọdún 2003 ni owó ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan di ohun tí gbogbo ayé ń béèrè. Láàárín ìgbà náà, àwọn tí kò ní fóònù ń lọ sábẹ́ àgbòòrùn lẹ́bàá ọ̀nà, níbi tí obìnrin kan ti jókòó pẹ̀lú fóònù, aago àti ìwé àkọsílẹ̀, tí ó ń ta ìpè. Díẹ̀díẹ̀ ni òpó nẹ́tíwọ̀kì tẹ̀lé ojú ọ̀nà ńlá wọ àwọn ìlú kéékèèké.

Ìgbà tí èékánná tó láti ṣí fóònù

Fóònù àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ní jẹ́ ohun tí a ń ṣí bí a ṣe ń ṣí àpótí ṣìgá. Nokia 3310, tí ó jáde ní ọdún 2000, kò fi inú rẹ̀ pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Àtàǹpàkò ni a fi ń tẹ ẹ̀yìn rẹ̀, ike náà a sì yọ́ kúrò. Bátìrì wà níbẹ̀, káàdì SIM wà lábẹ́ bátìrì. Bí ike ẹ̀yìn bá sán, ọjà ni olówó rẹ̀ yóò gbà lọ láti yan òmíràn: pupa, búlúù, àti èyí tí ó ń dán bí wúrà. Ìpààrọ̀ ẹ̀yìn fóònù nígbà náà kì í ṣe àtúnṣe, ọ̀ṣọ́ ni.

Nokia 1100 tẹ̀lé e ní 2003, pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì ní orí rẹ̀, èyí tí ó wúlò púpọ̀ ní ilẹ̀ tí iná kò dúró. Nàìjíríà kó ipa kan nínú ìtàn fóònù yìí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀. Ní ọdún 2005, nígbà tí Nokia ta fóònù tí ó sọ iye gbogbo ohun tí ó ti tà di bílíọ̀nù kan, Nokia 1100 kan tí wọ́n tà ní Nàìjíríà ni fóònù náà.

Ní ìgbà náà, bí fóònù bá dákú, gbogbo ènìyàn ni ó mọ oògùn rẹ̀: yọ bátìrì, kà dé mẹ́wàá, dá a padà. Ọ̀nà kan náà ni ọ̀pọ̀ fóònù tí Tecno fi wọ Nàìjíríà, tí ó ń lo SIM méjì lẹ́ẹ̀kan náà, gbà ṣí. Nínú ìṣípayá yìí ni iṣẹ́ tuntun ti bẹ̀rẹ̀. Àdúgbò Òtígbà ní Ìkẹjà, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Computer Village, di ọjà tí ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà mọ̀. Ní Ìbàdàn, agbègbè Queen Cinema àti Iwo Road kún fún àwọn tí ó ń ta fóònù àti àwọn tí ó ń tún un ṣe. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ a lo ọdún méjì tàbí mẹ́ta lọ́dọ̀ ọ̀gá, a gba òmìnira, a sì padà sí ìlú rẹ̀ pẹ̀lú tábìlì kan, àpótí dígí kan, irin ìjó-òjé kan, àti àkọlé tí ó pe ara rẹ̀ ní ẹ̀ńjìníà. Báyìí ni iṣẹ́ náà ṣe dé irú àwọn ìlú bíi Fìdítì, Jọ́bẹ̀lẹ̀ àti Ìlọrà. Kò sí ẹ̀yìn fóònù kankan tí ọmọ bẹ́ẹ̀ kò lè ṣí.

Ìgbà tí dígí dé

Ìyípadà bẹ̀rẹ̀ ní ibi tí ó jìnnà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2010, Apple gbé iPhone 4 jáde, tí iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ dígí. Àwọn kan bẹnu àtẹ́ lù ú pé yóò fọ́, ó sì ń fọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n síkúrù méjì péré ni ó di ẹ̀yìn náà mú ní ìsàlẹ̀. Bí a bá yọ wọ́n, tí a sì ti dígí náà sókè díẹ̀, ó ti jáde nìyẹn. Ìṣẹ́jú márùn-ún tó fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá. Nígbà tí ó di 2012, iPhone 5 padà sí ẹ̀yìn irin alumíníọ̀mù, ó sì dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ dígí ti parí.

Kò parí. Samsung Galaxy S5 ti ọdún 2014 ṣì ní ẹ̀yìn ike tí a lè fi èékánná ṣí. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, Galaxy S6 dé pẹ̀lú ẹ̀yìn dígí tí a fi gọ́ọ̀mù lẹ̀, bátìrì rẹ̀ kò sì ṣeé yọ mọ́ bí ti tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 2017, iPhone 8 àti iPhone X dá dígí padà sẹ́yìn fóònù Apple. Láti ìgbà náà ni ẹ̀yìn dígí ti di àmì fóònù olówó ńlá káàkiri ayé.

Ẹwà nìkan kọ́ ni ó fà á. Fífi iná sí bátìrì láìlo wáyà ni ìdí pàtàkì. Nínú irú fóònù bẹ́ẹ̀, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí a ká róbótó wà lábẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀, òmíràn sì wà nínú àwo tí a gbé fóònù lé. Agbára òòfà ni ó ń gbé iná láti ọ̀kan sí èkejì. Bí irin bá wà láàárín wọn, agbára náà yóò di iná tí ó ń yí kiri nínú irin ọ̀hún, irin yóò gbóná, bátìrì kò sì ní rí nǹkan kan gbà. Dígí kì í dí agbára òòfà lọ́wọ́, kì í sì í dí ìgbì nẹ́tíwọ̀kì lọ́wọ́. Ike náà kì í dí i, ṣùgbọ́n ike kì í dán lójú olówó.

Dígí tí wọ́n ń lò kì í sì í ṣe irú ti fèrèsé. Corning, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tí ó ti ń ṣe ìwádìí dígí alágbára láti àwọn ọdún 1960, ni ó ṣe dígí ojú iPhone àkọ́kọ́ ní 2007. Bí wọ́n ṣe ń ṣe irú dígí yìí ni pé wọ́n ń rì í sínú iyọ̀ pòtásíọ̀mù tí ó ti yọ́, tí ó gbóná tó nǹkan bí ìwọ̀n 400 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Átọ́ọ̀mù sódíọ̀mù kéékèèké a jáde lára dígí, ti pòtásíọ̀mù tí ó tóbi jù wọ́n lọ a sì há ara wọn mọ́ àyè wọn. Ojú dígí náà a wá fún pọ̀ bí èrò inú ọkọ̀ akérò, kì í sì í tètè ha. Ṣùgbọ́n ohun líle kì í tẹ̀, ó máa ń ṣẹ́ ni. Bí igun rẹ̀ bá bá òkúta pàdé, àlàyé gbogbo parí.

Nígbà tí ẹ̀yìn wọ́n ju ojú lọ

Ọ̀nà méjì ni àwọn ilé-iṣẹ́ gbà lẹ dígí mọ́ fóònù, ìyàtọ̀ wọn sì ni ó pín àwọn oníṣẹ́ sí méjì. Nínú ọ̀pọ̀ fóònù Samsung, ẹ̀yìn ni a ń gbà wọlé. Gọ́ọ̀mù etí dígí náà a rọ̀ bí a bá fi afẹ́fẹ́ gbígbóná sí i, a ó fi ike pẹlẹbẹ kọjá láàárín, ẹ̀yìn yóò sì ṣí. Ẹ̀ńjìníà ìlú kékeré tí ó ní sùúrù lè ṣe èyí.

iPhone 8 títí dé iPhone 13 kò rí bẹ́ẹ̀. Ojú ni a ń gbà wọ inú wọn. Dígí ẹ̀yìn wọn lẹ̀ mọ́ férémù irin látòkè délẹ̀ pẹ̀lú gọ́ọ̀mù tí ó le bí òkúta, òrùka irin tí ó yí ojú kámẹ́rà ká sì ti di ọ̀kan pẹ̀lú ara fóònù. Apple kò ṣètò pé ẹnikẹ́ni yóò máa yọ dígí náà nìkan. Nítorí náà, ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2017, ẹni tí kò ní àdéhùn ìdáàbòbò, tí ẹ̀yìn iPhone 8 rẹ̀ fọ́, yóò san 349 dọ́là. Ti iPhone X jẹ́ 549 dọ́là. Bí ó bá jẹ́ pé ojú iPhone X ni ó fọ́, 279 dọ́là ni. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹ̀yìn fóònù, tí kò ṣe iṣẹ́ kankan ju ìbora lọ, wá wọ́n ní àtúnṣe ju ojú tí gbogbo iṣẹ́ wà lórí rẹ̀ lọ. Àfi bí ẹni tí ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ bàjẹ́, tí káfíńtà ní kí ó lọ kọ́ ilé mìíràn.

Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ kò gbà. Ọ̀nà àkọ́kọ́ tí wọ́n dá ni agídí. Wọ́n á fi afẹ́fẹ́ gbígbóná yan ẹ̀yìn fóònù, wọ́n á sì fi abẹ bẹ̀rẹ̀ sí í họ dígí náà ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé, bí ẹni ń họ ìpẹ́ ẹja. Iṣẹ́ wákàtí púpọ̀ ni. Ẹ̀rún dígí a fò sójú, a wọ ìka. Bí ooru bá pọ̀ jù, bátìrì lè wú tàbí kí ó gbiná. Bí abẹ bá rì jù, yóò gé wáyà róbótó tí ó ń gba iná tàbí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó wà nítòsí kámẹ́rà. Ọ̀nà kejì ni pé kí wọ́n tú gbogbo inú fóònù, kí wọ́n sì kó o sínú ara tuntun tí wọ́n rà láti Ṣáínà. Nínú títú bẹ́ẹ̀, síkúrù kan tí ó gùn ju èkejì lọ, tí a fi sí àyè tí kì í ṣe tirẹ̀, lè lu pátákó inú fóònù já.

Ọ̀nà kẹta ni ó yí iṣẹ́ náà padà. Ṣáínà ni ó ti jáde, ní nǹkan bí ọdún kan tàbí méjì lẹ́yìn iPhone X: ẹ̀rọ lésà tí ó ń yọ dígí ẹ̀yìn fóònù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lo ìtànṣán tí ìwọ̀n ìgbì rẹ̀ jẹ́ 1064 nánómítà, tí ojú ènìyàn kò lè rí. Ìtànṣán náà a la dígí kọjá láìjó o, a sì lọ bá ọ̀dà àti gọ́ọ̀mù tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, a jó wọn di eérú. Kọ̀ǹpútà ni ó ń darí rẹ̀ ní ìlà kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú àwòrán irú fóònù tí ó wà níwájú rẹ̀, kí ó má baà kan kámẹ́rà. Nígbà tí ó bá parí, gọ́ọ̀mù kò ní agbára mọ́, dígí a sì máa ṣí ní wẹ́lẹ́wẹ̀lẹ̀ lábẹ́ abẹ. Oníṣẹ́ yóò nu ojú irin náà mọ́ tónítóní, yóò fi gọ́ọ̀mù B-7000 yí etí rẹ̀ ká, yóò gbé dígí tuntun lé e, yóò fi rọ́bà dè é, yóò sì fi í sílẹ̀ kí ó gbẹ.

Àwọn tí ó ń ṣe dígí ìpààrọ̀ náà dá ọgbọ́n kan. Wọ́n ṣe irú èyí tí ihò kámẹ́rà rẹ̀ fẹ̀ ju ti ilé-iṣẹ́ lọ, kí ó lè gba orí òrùka irin náà kọjá láìjẹ́ pé a yọ òrùka kúrò. Ojú tí ó mọ nǹkan yóò rí ìyàtọ̀ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ojú ṣe ń rí okùn lára igbá tí a rán. Ṣùgbọ́n fóònù náà ti padà sẹ́nu iṣẹ́.

Láti Jọ́bẹ̀lẹ̀ dé Ìbàdàn

Ibi tí ọ̀rọ̀ kan ìlú kékeré nìyí. Síkúrù-díráfà àti irin ìjó-òjé ni ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ọdún 2005 fi dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀. Ẹ̀rọ lésà, kọ̀ǹpútà tí ń darí rẹ̀, ẹ̀rọ tí ń fa èéfín rẹ̀ dànù àti iná mànàmáná tí kò ní já láàárín iṣẹ́ jẹ́ owó tí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀bá ọ̀nà kò lè dá nìkan ná. Nítorí náà, iṣẹ́ tí ó ti tú ká dé gbogbo ìlú tún bẹ̀rẹ̀ sí í kó ara rẹ̀ jọ padà sí ìlú ńlá. Ẹni tí ẹ̀yìn iPhone rẹ̀ fọ́ ní Jọ́bẹ̀lẹ̀ ní láti wọkọ̀ lọ sí Ọ̀yọ́ tàbí Ìbàdàn, tàbí kí ó fi fóònù rán ẹlòmíràn. Àwòrán ẹbí rẹ̀ wà nínú fóònù náà, owó rẹ̀ ní báńkì wà níbẹ̀, ó sì ń gbé gbogbo rẹ̀ lé ọwọ́ ẹni tí kò mọ̀ rí. Ẹ̀ńjìníà àdúgbò tí ó mọ bàbá rẹ̀ kò ní àǹfààní láti ràn án lọ́wọ́ mọ́.

Ọrọ̀ ajé sì mú kí ọ̀rọ̀ náà le sí i. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba ti jẹ́ kí náírà máa wá ipò ara rẹ̀, dọ́là kan tí kò pé 500 náírà ní ọjà ìjọba tẹ́lẹ̀ kọjá 1,400 náírà ní ọdún 2024. Fóònù tuntun bọ́ lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́, tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ ń rà. Tòkunbọ̀ sì ni ohun tí ó ti ṣubú rí, tí wọ́n ti ṣí rí, tí kò ní àdéhùn ìdáàbòbò kankan lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́. Àtúnṣe ni ó gbé e ró. Ẹni tí kò bá rí àtúnṣe yóò fi sẹ́lótéèpù lẹ ẹ̀yìn fóònù rẹ̀ tàbí kí ó fi páọ́ṣì bò ó, títí omi òjò yóò fi gba ojú ẹ̀là náà wọlé. Nígbà náà, agbè yóò ti fọ́, omi yóò sì ti dànù pẹ̀lú.

Ọ̀nà mìíràn tí àìlèṣàtúnṣe ń gbà pa ènìyàn lára wà ní ààtàn. Ní ọdún 2005 kan náà tí Nàìjíríà ra fóònù tí ó pé bílíọ̀nù kan, ẹgbẹ́ Basel Action Network ti Amẹ́ríkà gbé ìròyìn jáde nípa kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ àlòkù tí wọ́n ń kó wá sí Èkó, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ṣeé túnṣe, tí wọ́n sì ń jó wọn ní gbangba. Ní 2011, ìjọba gbé ìlànà kan jáde lórí irú ẹrù bẹ́ẹ̀, tí àjọ NESREA ń mójú tó. Ṣùgbọ́n fóònù tí a tún ṣe ni fóònù tí kò tíì di pàǹtírí. Oníṣẹ́ tí ó pààrọ̀ ẹ̀yìn kan ti ṣe ju ohun tí ìwé òfin púpọ̀ ń ṣe lọ.

Ẹni tí ó ni igbá

Láìpẹ́ yìí, afẹ́fẹ́ ti ń yí padà. iPhone 14 ti ọdún 2022 jẹ́ kí a lè ṣí ẹ̀yìn láìfọwọ́ kan ojú. Owó ìpààrọ̀ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà wá sílẹ̀ sí 169 dọ́là, nígbà tí ti iPhone 14 Pro, tí wọ́n ṣì ṣe bí ti àtijọ́, jẹ́ 499 dọ́là. Ìyẹn fi hàn gbangba pé kì í ṣe dígí ni ó wọ́n, bí kò ṣe ọ̀nà tí wọ́n gbà lẹ̀ ẹ́. Ohun tí wọ́n pè ní àìṣeéṣe fún ọdún márùn-ún di ohun tí ó ṣeé ṣe nígbà tí wọ́n fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Òfin náà sì ń tẹ̀ wọ́n láti ẹ̀yìn. Ní Yúróòpù, láti oṣù kẹfà ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ tí ó bá ta fóònù gbọ́dọ̀ máa pèsè àwọn ẹ̀yà rẹ̀ pàtàkì, títí kan ẹ̀yìn rẹ̀, fún ọdún méje lẹ́yìn tí títà rẹ̀ bá dópin. Láti oṣù kejì ọdún 2027, bátìrì gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí olówó fóònù lè yọ fúnra rẹ̀, yàtọ̀ sí àwọn àyè tí òfin yọ sílẹ̀. Nàìjíríà ní òfin ẹ̀tọ́ aláràjà ti ọdún 2018. Ohun tí ó yẹ kí àwọn aṣòfin béèrè ni pé kí ẹ̀tọ́ yẹn dé orí àtúnṣe, kí ilé-iṣẹ́ tí ó ń pa owó ní Nàìjíríà máa ta ẹ̀yà fóònù àti ìmọ̀ bí a ṣe ń ṣí i fún oníṣẹ́ Nàìjíríà gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń ta á fún ti Yúróòpù.

Kò sì yẹ kí gbogbo rẹ̀ dúró de Àbújá. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ Yorùbá kò fi ìgbà kan dá ṣe iṣẹ́ ńlá. Ẹgbẹ́ ni wọ́n ń dá, èésú ni wọ́n ń dá, ọ̀wẹ̀ ni wọ́n ń bẹ̀. Ẹ̀rọ lésà kan tí oníṣẹ́ mẹ́wàá láti Fìdítì, Jọ́bẹ̀lẹ̀ àti Ìlọrà bá fi èésú rà, tí wọ́n gbé sí ojú kan tí iná oòrùn wà, lè sin gbogbo agbègbè náà. Ìjọba ìbílẹ̀ lè fi ẹ̀kọ́ kún un: bí a ṣe ń dáàbò bo ojú lọ́wọ́ ìtànṣán tí a kò rí, bí a ṣe ń fa èéfín rẹ̀ kúrò nínú yàrá, bí a ṣe ń kó bátìrì tí ó ti wú. Oníṣẹ́ náà sì jẹ oníbàárà ní òtítọ́ kan, pé fóònù tí a ti ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ kò ní lè dojú kọ omi bíi ti àkọ́kọ́ mọ́, bí dígí tuntun náà ti wù kí ó dán tó.

Ẹni tí ó rán igbá láyé àtijọ́ kò kàwé nípa ẹ̀tọ́ aláràjà. Ó mọ̀ pé igbá náà jẹ́ ti ẹni tí ó gbé e wá, ó sì mọ̀ pé sísán kì í ṣe òpin rẹ̀. Láti ike Nokia tí àtàǹpàkò ń ṣí dé dígí tí lésà ń jó gọ́ọ̀mù abẹ́ rẹ̀, ohun tí ó yí padà ni irinṣẹ́. Ìbéèrè tí ó wà níwájú oníṣẹ́ Jọ́bẹ̀lẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti oníṣẹ́ igbá tí ó gbé ayé ṣáájú rẹ̀: nígbà tí agbè bá fọ́ tí omi kò tíì dànù, ṣé a ó rí ẹni tí yóò rán an nítòsí, kí omi náà tó máa jò?